Láti Kòkúmọ́ dé Casgevy

Nígbà tí a wà ní ọdún kejì, olùkọ́ tó ń kọ́ wa nípa orúkọ jíjẹ́ láàrin Yorùbá ní kí kálukú lọ bi àwọn àgbà ilé rẹ̀ léèrè orúkọ àbíkú tó wà nínú ẹbí. A rò pé iṣẹ́ ọjọ́ kan ni. Nígbà tí a padà dé, ojú pátákó kún: Kòkúmọ́, Málọmọ́, Bánjókòó, Dúrósinmí, Ìgbẹ́kọ̀yí. Ọ̀kan nínú wa kò mú orúkọ kankan bọ̀. Màmá rẹ̀ gbà pé àwọn bí ọmọ méjì ṣáájú rẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ní àwọn kò ní pe orúkọ wọn. Ó wá béèrè ohun tó ṣe wọ́n. Màmá ní, "Ẹ̀jẹ̀ wọn ni ò dáa," wọ́n sì dìde lọ wo ọbẹ̀ lórí iná.

Ọ̀rọ̀ yẹn la rántí nígbà tí ìròyìn kan jáde ní ọdún 2023. Lọ́jọ́ 16 oṣù Kọkànlá, àjọ tó ń bójú tó oògùn nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fọwọ́ sí ìtọ́jú tuntun kan tó ń jẹ́ Casgevy fún àwọn tó ní àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde. Lọ́jọ́ 8 oṣù Kejìlá, Amẹ́ríkà náà fọwọ́ sí i. Òun ni ìtọ́jú àkọ́kọ́ tí ìjọba kankan fọwọ́ sí tó ń lo CRISPR, ìyẹn ọgbọ́n tí a fi ń gé jíìnì inú ara, tí Jennifer Doudna àti Emmanuelle Charpentier gba ẹ̀bùn Nobel lé lórí ní 2020. Ẹnìkan nínú yàrá wa, tí ẹ̀jẹ̀ tirẹ̀ jẹ́ SS, wà lórí ibùsùn nígbà tí a ka ìròyìn náà sókè. Kò béèrè bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Ó ní, "Èló ni?" A wá iye rẹ̀: mílíọ̀nù 2.2 dọ́là fún ènìyàn kan ní Amẹ́ríkà. Ó rẹ́rìn-ín, ó sì kọjú sí ògiri.

Àwa ọmọ ẹ̀ka èdè Yorùbá kò lè po oògùn. Ohun tí a lè ṣe ni pé kí a tọ ọ̀nà tí ọ̀rọ̀ yìí gbà, láti orí orúkọ dé orí oògùn, ká sì wo ibi tó ti kọjá ní ẹnu ọ̀nà wa.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí orúkọ. Samuel Johnson to orúkọ àbíkú jọ sínú ìwé rẹ̀, The History of the Yorubas, tó jáde ní 1921 lẹ́yìn ikú rẹ̀. Ẹ ka wọ́n tẹ̀léra wọn. Àkísàtán: àkísà tí a ó fi dì í lọ sin ti tán. Kòsọ́kọ́: kò sí ọkọ́ tí a ó fi gbẹ́ ilẹ̀. Ìgbẹ́kọ̀yí: ìgbẹ́ tí a ń sọ irú wọn sí kọ èyí. Ẹni tó ń jẹ́ Kòsọ́kọ́ yẹn kò kú ní kékeré o. Ó dàgbà, ó jọba ní Èkó láti 1845 sí 1851, àwọn ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì ló sì lé e kúrò lórí oyè. Bí a bá rántí rẹ̀ nínú ìwé ìtàn, ogun la máa ń rántí. Ó ṣọ̀wọ́n kí ẹnikẹ́ni dúró ronú nípa ìyá tó sọ ọmọ lórúkọ bẹ́ẹ̀, àti iye ìgbà tí wọ́n ti gbé ọkọ́ ní ilé náà kí ó tó dé. Ní àwùjọ tí kò ní ìwé ẹ̀rí ikú, irú orúkọ yìí ni àkọsílẹ̀ tó kù fún wa.

Kí ni wọ́n ń ṣàkọsílẹ̀ rẹ̀? Lónìí, a sábà máa ń gbọ́ pé, "Kò sí ohun tó ń jẹ́ àbíkú, SS lásán ni." Àwa kò fara mọ́ ọn tán. Bí bàbá bá jẹ́ AS, tí ìyá náà jẹ́ AS, nínú oyún kọ̀ọ̀kan, ìdá kan nínú mẹ́rin ni pé ọmọ yóò jẹ́ SS. Ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ni pé kò ní jẹ́ bẹ́ẹ̀. Kí ọmọ márùn-ún tẹ̀léra wọn jẹ́ SS, ìṣírò fi hàn pé ẹyọ kan nínú 1,024 ni. Ìyá tó sin márùn-ún tàbí mẹ́fà léra wọn kò sì ṣọ̀wọ́n tó bẹ́ẹ̀ nínú ìtàn tí àwọn ìyá àgbà ń sọ fún wa. Nǹkan mìíràn ń pa ọmọ.

A rí díẹ̀ nínú nǹkan mìíràn yẹn ní Ìmẹ̀sí-Ilé. Ní àwọn ọdún 1950, dókítà Gẹ̀ẹ́sì kan, David Morley, tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn Wesley Guild ní Iléṣà, dá ilé ìtọ́jú àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún sílẹ̀ ní ìlú náà. Èéyi, ibà, ìgbẹ́ gbuuru, ikọ́ àti àìjẹunre-kánú ni wọ́n ń bá jà. Wọ́n ń wọn ọmọ lóṣooṣù, wọ́n ń fi àmì sí orí káàdì kan tí ìyá yóò gbé lọ sílé, tí ìlà rẹ̀ yóò máa gòkè bí ọmọ bá ń dàgbà dáadáa. Láàrin ọdún díẹ̀, iye ọmọ tó ń kú já wálẹ̀ gan-an. Bí màmá yín bá ṣì ní káàdì ìwọ̀n yín nínú àpótí, ìyẹn èyí tí wọ́n fi ń gbà yín ní abẹ́rẹ́ àjẹsára, ọmọ-ọmọ káàdì Ìmẹ̀sí-Ilé ni. Kòkúmọ́ àti Málọmọ́ tí a mọ̀ nílé ẹ̀kọ́ wa, orúkọ bàbá wọn ni wọ́n ń jẹ́. A ò tíì rí ọmọ tuntun kankan tí wọ́n sọ bẹ́ẹ̀.

Síbẹ̀, ibì kan wà tí ìtàn àbíkú àti SS ti pàdé. Àwọn àgbà máa ń sọ pé àbíkú kì í wáyé bí aláìsàn. Ó máa ń rẹwà, ó máa ń sanra, ìyá á ti máa gbé e jó kí ó tó yí padà. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọmọ SS. Ara rẹ̀ máa ń dá fún oṣù díẹ̀ lẹ́yìn ìbí, lẹ́yìn náà ni ọwọ́ àti ẹsẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í wú, ojú á pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, ibà á wọlé. Ìdí rẹ̀ ni pé ọmọ inú oyún ní haemoglobin tirẹ̀, èròjà pupa tó ń gbé afẹ́fẹ́ kiri nínú ẹ̀jẹ̀, tó yàtọ̀ sí ti àgbàlagbà. Ti ọmọ inú oyún kì í dà sẹ́ẹ̀lì láàmú. Á wà nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ fún oṣù bíi mélòó kan kí ti àgbà tó gba ipò rẹ̀. Janet Watson, dókítà ọmọdé kan ní New York, ló tọ́ka sí èyí ní 1948. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, a ó padà sí i.

Ní Ghana, Dókítà Felix Konotey-Ahulu tọpa àìsàn yìí nínú ẹbí òun fúnra rẹ̀ padà sẹ́yìn dé 1670, láti inú ìtàn àtẹnudẹ́nu àwọn bàbá ńlá rẹ̀. Àwọn ará Gà ní orúkọ fún ìrora náà, chwechweechwe, tí wọ́n fi ń dá a mọ̀ láàrin àrùn yòókù. Tiwa yàtọ̀. Ẹni tó ń ṣàìsàn ni orúkọ tiwa ń wò: fòníkú-fọ̀ladìde, ó kú lónìí, ó dìde lọ́la. Àbíkú náà, ọmọ ló ń wò. Bóyá ìdí nìyí tó fi ṣòro láti yọ SS jáde kúrò láàrin èéyi àti ibà nínú ìtàn tiwa.

Àwọn oníṣègùn aláwọ̀ funfun pàápàá kò tètè mọ̀ ọ́n. Ní 1904, ọmọkùnrin kan tó ń jẹ́ Walter Clement Noel kúrò ní erékùṣù Grenada, ó lọ sí Chicago láti kọ́ iṣẹ́ dókítà eyín. Ọmọ ogún ọdún ni. Kí ọdún náà tó tán, àìsàn ti gbé e dé ilé ìwòsàn. Dókítà kékeré kan tó ń jẹ́ Ernest Irons wo ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lábẹ́ maikirosíkóòpù, ó rí àwọn sẹ́ẹ̀lì pupa tó gùn, tó sì tẹ̀ bíi dòjé. Ó pe ọ̀gá rẹ̀, James Herrick, wá wò ó. Herrick gbé ọ̀rọ̀ náà jáde ní 1910, òun sì ni gbogbo ayé mọ̀. Orúkọ Noel kò sí nínú ohun tó kọ. Noel ń bá ẹ̀kọ́ rẹ̀ lọ láàrin ìrora, ó ń wọlé ilé ìwòsàn, ó ń jáde, títí tó fi gboyè. Ó padà sí Grenada, ó sì ń tọ́jú eyín àwọn ènìyàn ní St. George's títí tó fi kú ní 1916, ní ọmọ ọdún 32. A kò lè ka ìtàn rẹ̀ ká má rántí ẹni tó wà lórí ibùsùn ní yàrá wa, tó máa ń jókòó ìdánwò pẹ̀lú súwẹ́tà méjì nígbà ọyẹ́ nítorí pé òtútù ń dá ìrora náà sílẹ̀.

Láti ibẹ̀, ìmọ̀ yára. Ní 1949, Linus Pauling àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé haemoglobin gan-an ló yàtọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ SS. Ọdún kan náà ni James Neel ṣàlàyé bí ọmọ ṣe ń jogún rẹ̀ lọ́dọ̀ òbí méjèèjì. Ní 1957, Vernon Ingram fi hàn pé èròjà kan ṣoṣo ló yí padà.

Ohun tó kàn wá jù ni èyí tí Anthony Allison rí ní Ìlà-oòrùn Áfíríkà, tó sì tẹ̀ jáde ní 1954: ibà kì í tètè pa ọmọ AS. Níbi tí ẹ̀fọn bá pọ̀ sí ni AS ti pọ̀. Ìbàdàn ni wọ́n ti rí ọ̀nà kan tó ń gbà ṣẹlẹ̀. Ní 1970, Lucio Luzzatto, ará Ítálì tó ń ṣiṣẹ́ ní yunifásítì níbẹ̀, pẹ̀lú Nwachuku-Jarrett àti Reddy, fi hàn pé nínú ẹ̀jẹ̀ AS, sẹ́ẹ̀lì tí kòkòrò ibà bá wọ̀ ló máa ń tètè tẹ̀ ju àwọn yòókù lọ. Ara á sì kó irú sẹ́ẹ̀lì bẹ́ẹ̀ dànù pẹ̀lú kòkòrò inú rẹ̀. Ẹ ò rí i bí ọ̀rọ̀ ṣe rí? Ohun tó ń pa ọmọ kan nínú ilé ló gba ẹ̀gbọ́n rẹ̀ là lọ́wọ́ ibà. Kì í ṣe ẹ̀bi ẹnikẹ́ni, kì í ṣe èpè ilé bàbá, bó ti wù kí àwọn ìyakọ máa sọ ọ́.

Ní 2018, Daniel Shriner àti Charles Rotimi ka jíìnì ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn, wọ́n sì ṣírò pé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ìyípadà yìí ṣẹlẹ̀, ní Áfíríkà, ní nǹkan bí 7,300 ọdún sẹ́yìn. Ọmọ Nàìjíríà ni Rotimi. Àwa tí a ti fi odidi sáà kan kọ́ nípa orúkọ kò lè ṣàì tọ́ka sí orúkọ tó ń jẹ́: Rótìmí, dúró tì mí, orúkọ àbíkú pọ́ńbélé.

Jíìnì náà bá àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú kọjá òkun. Ní Bahia ní Brazil, níbi tí wọ́n kó ọ̀pọ̀ àwọn ènìyàn wa lọ, oríṣi SS tí àwọn onímọ̀ sọ ní Benin wọ́pọ̀ níbẹ̀ títí dòní. Láti 2001 ni ìjọba Brazil ti fi SS kún ohun tí wọ́n ń yẹ̀ wò nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ tuntun jákèjádò orílẹ̀-èdè. Kátísẹ̀ ọmọ ni wọ́n ti ń gba ẹ̀jẹ̀ náà, ẹ̀kán díẹ̀. Ní Nàìjíríà, níbi tí wọ́n fojú bù ú pé nǹkan bí 150,000 ọmọ SS ni à ń bí lọ́dọọdún, kò tíì sí irú ètò bẹ́ẹ̀ fún gbogbo ọmọ. Ọ̀pọ̀ ìyá ni kò mọ̀ títí ọwọ́ ọmọ yóò fi wú.

Kì í ṣe pé a káwọ́ gbera o. Orin àtà tí àwọn bàbá wa fi ń rin eyín láàárọ̀, tó máa ń ta ahọ́n pẹ́pẹ́, wọ́n gbé gbòǹgbò rẹ̀ wọ láàbù. Ní 1971, Sofowora àti Isaacs tẹ̀ ẹ́ jáde pé omi gbòǹgbò náà lè mú kí sẹ́ẹ̀lì tó ti tẹ̀ padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ nínú ìgò àyẹ̀wò. Ìgò kì í ṣe ara ènìyàn, orin náà kò sì di oògùn tí dókítà ń kọ fún gbogbo aláìsàn. Ṣùgbọ́n inú wa dùn pé ẹnìkan ronú láti wò ó.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ Casgevy, nítorí pé ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ Janet Watson ti wúlò. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé wọ́n ń tún jíìnì SS ṣe ni. Rárá. Jíìnì kan tó ń jẹ́ BCL11A ló máa ń pàṣẹ kí haemoglobin ọmọ inú oyún dáwọ́ dúró lẹ́yìn ìbí. Àwọn dókítà á gba sẹ́ẹ̀lì tó ń bí ẹ̀jẹ̀ lára aláìsàn, wọ́n á fi CRISPR gé ibì kan nínú jíìnì yẹn, wọ́n á sì dá sẹ́ẹ̀lì náà padà. Haemoglobin ìgbà ọmọdé á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn padà nínú ara àgbàlagbà. Victoria Gray láti Mississippi ni aláìsàn SS àkọ́kọ́ tó gbà á ní Amẹ́ríkà, ní 2019, ìrora ńlá tó ń gbé e lọ sílé ìwòsàn sì dáwọ́ dúró. Kì í ṣe eré o. Wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi oògùn líle pa mùdùnmúdùn inú egungun kí èyí tuntun tó ráyè, oògùn náà lè ba agbára ọmọ bíbí jẹ́, ó sì ń gba oṣù púpọ̀. Ní oṣù Kìíní 2025, wọ́n gbà pé kí ilé ìwòsàn ìjọba nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì máa ṣe é fún àwọn tó bá yẹ, láìgbowó lọ́wọ́ wọn. Àwọn ọmọ Yorùbá tó wà ní Peckham lè béèrè fún un. Àwọn ìbátan wọn ní Òṣogbo kò lè béèrè.

Ohun tó yà wá lẹ́nu nígbà tí a ń kàwé fún àròkọ yìí ni pé kápúsù kan wà tó ń ṣe díẹ̀ nínú iṣẹ́ kan náà. Hydroxyurea ni orúkọ rẹ̀. Òun náà ń mú kí haemoglobin ọmọ inú oyún pọ̀ sí i nínú ẹ̀jẹ̀. Amẹ́ríkà ti fọwọ́ sí i fún àgbàlagbà SS láti 1998. Wọ́n dán an wò fún àwọn ọmọdé ní Angola, Kóńgò, Kẹ́ńyà àti Uganda, àbájáde rẹ̀ sì jáde ní ìparí 2018 sí 2019: ìrora dín kù, ibà dín kù, ikú náà dín kù. Pẹnisílìn tún wà, èyí tí gbogbo wa mọ̀. Ní 1986, ìwádìí tí Marilyn Gaston darí ní Amẹ́ríkà fi hàn pé bí ọmọ kékeré SS bá ń lò ó lójoojúmọ́, àkóràn burúkú kan tó ń pa wọ́n dín kù ní ìdá 84 nínú ọgọ́rùn-ún. Ṣùgbọ́n ta ni yóò fún ọmọ ní pẹnisílìn bí kò bá sí ẹni tó mọ̀ pé SS ni? Ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ kátísẹ̀ la kọ́kọ́ nílò. Bí a bá ń jó nítorí Casgevy, tí a kò béèrè èyí lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣèjọba lé wa lórí, a jẹ́ pé àwa náà ò tíì gbọ́ ohun tí Kòkúmọ́ ń sọ.

Nítorí pé, lọ́dọ̀ wa, ibi tí ìmọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún yìí dé sí jù ni ẹnu ọ̀nà ìgbéyàwó. Ìwé jẹnótáìpù ni ìmọ̀ náà dì. Pásítọ̀ ń béèrè rẹ̀, ìmáàmù ń béèrè rẹ̀, àwa fúnra wa ń béèrè rẹ̀ kí ìfẹ́ tó wọra. A kò sọ pé kò dára. Ọ̀pọ̀ omijé ló ti tìtorí rẹ̀ má ṣàn. Ṣùgbọ́n ọ̀kan nínú wa gbé AA kiri láti ilé ẹ̀kọ́ girama. Láàbù kan ló fún un. Nígbà tó wọ yunifásítì, wọ́n tún un yẹ̀ wò, AS ni. Wọ́n tún un ṣe níbòmíràn, AS náà ni. Ọmọkùnrin tó ti ń fẹ́ fún ọdún méjì, AS lòun náà. Wọ́n ya ara wọn ní ọ̀sẹ̀ ìdánwò. Ẹ̀rọ tó ń ya haemoglobin sọ́tọ̀ nílò iná tí kì í ṣe ségesège, ó nílò ẹni tó mọ̀ ọ́n kà, ó sì yẹ kí wọ́n fi ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ti mọ oríṣi rẹ̀ tẹ́lẹ̀ dán an wò. Ẹ̀jẹ̀ tí ènìyàn gbà láìpẹ́ pàápàá lè da èsì rú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣe é ní láàbù méjì kí ọkàn tó bára dọ́gba.

Ní Amẹ́ríkà ní àwọn ọdún 1970, àyẹ̀wò yìí ni wọ́n fi dí àwọn AS lọ́nà. Ilé ẹ̀kọ́ ológun òfuurufú wọn kò gba AS títí di 1981, bẹ́ẹ̀ ni AS kì í ṣe àìsàn. A máa ń rántí èyí nígbà tí ẹnìkan bá ní "Èmi ò lè fẹ́ AS" níwájú ẹni tó jẹ́ SS, bí ẹni pé kò sí nínú yàrá.

Ó wà nínú yàrá. Ó ti bẹ̀rẹ̀ hydroxyurea báyìí, dókítà rẹ̀ ló kọ ọ́ fún un, wọ́n sì ń yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò déédéé nítorí oògùn náà. Kò gbẹ́kẹ̀ lé e tán. Ó ṣì ń gbé súwẹ́tà méjì. Ṣùgbọ́n ní sáà tó kọjá, ó jókòó gbogbo ìdánwò rẹ̀, ìgbà àkọ́kọ́ láti ọdún kìíní. Ọ̀rẹ́ wa tó béèrè orúkọ lọ́wọ́ màmá rẹ̀ náà tún padà lọ béèrè ní àkókò ìsinmi, ó sì ṣàlàyé AS àti AS fún wọn pẹ̀lú bébà àti bírò, mẹ́rin, ẹyọ kan nínú mẹ́rin. Màmá wo bébà náà fún ìgbà pípẹ́. Wọ́n ní, "Ṣé kì í ṣe èmi nìkan ni mo kó o wá, nígbà náà?" Lẹ́yìn náà ni wọ́n dárúkọ àwọn méjèèjì fún un.